Àdéhùn Tó Wà Nínú Lẹ́tà Ìròyìn: Bí A Ṣe Lè Jẹ́ Ẹni Ìfọkàntán Lójú Àwọn Tó Fún Wa Ní Àdírẹ́sì Ímeèlì Wọn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ pè mí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dá lórí lẹ́tà ìròyìn tí à ń fi ímeèlì ránṣẹ́, pàápàá èyí tí a kọ ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílé àti lẹ́yìn odi. Èrò mi ni pé ìgbà tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀ ni àdéhùn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa àti òun, àti pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a bá kọ lẹ́yìn náà ni yóò fi mọ̀ bóyá a mú àdéhùn náà ṣẹ tàbí a yẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà fún wa. Inú àpótí ímeèlì kan náà ni lẹ́tà báǹkì rẹ̀ ń wọlé sí, ibẹ̀ ni ti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ti ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ wà. Lórí Facebook, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló ń pinnu ẹni tí ọ̀rọ̀ wa yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti lẹ́tà ìròyìn, ẹni tí yóò kà á ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé igba ènìyàn tó ń retí lẹ́tà wa sàn ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò mọ ibi tí a ti rí àdírẹ́sì wọn lọ.

Àṣà kan wà láàárín wa tí mo bẹ̀ yín pé kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe ìpàdé, ìgbéyàwó tàbí ìsìn ọpẹ́, tí àwọn àlejò kọ nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì sínú ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan a gbé ìwé náà lọ sílé, wọn a sì da gbogbo àdírẹ́sì inú rẹ̀ sínú àkójọ àwọn tí wọ́n ń fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ kí wọ́n lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i kò tíì gbà láti máa ka ìròyìn ọjà ẹnikẹ́ni. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kò fara mọ́ kí a gba ìsọfúnni ènìyàn fún ìdí kan, kí a wá lò ó fún òmíràn tí kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ dátà kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní irú rẹ̀ tirẹ̀ títí di òní, nítorí náà kí ẹni tó ń tajà fún àwọn tó wà ní London láti Ìbàdàn má ṣe rò pé kò kan òun. Bí a bá tilẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, ẹni tí a fi ipá sọ di òǹkàwé kì í fọkàn tán ni. Bí ẹnìkan bá forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà kúkúrú kan ránṣẹ́ sí i, kí ó tẹ línkì inú rẹ̀ láti fi hàn pé òun gan-an ló kọ àdírẹ́sì náà. Àwọn díẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́, àkójọ yín yóò sì kéré sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó kù mọ̀ yín, ẹ̀yin náà sì mọ̀ wọ́n.

Ohun tí a kọ sórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àdéhùn náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan tó sọ fún àwọn òbí ní London àti Houston pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé òun yóò máa fi ẹ̀kọ́ Yorùbá kan ránṣẹ́, èyí tí òbí lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ọmọ rẹ̀. Òbí tó gbà á gbọ́ yóò ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀. Bí Sátidé kẹta bá dé tí ohun tó wọlé jẹ́ ìpolówó tíkẹ́ẹ̀tì àríyá, olùkọ́ náà ti yẹ àdéhùn, ì báà jẹ́ pé àríyá náà dára. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn nílẹ̀ wa mọ ìwúlò kí òǹkàwé mọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń jáde, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ìròyìn ìjọ, ìrìbọmi, òkú àti ọjà òwú sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó san owó ẹyọ rẹ̀ mọ ìgbà tí yóò rí òmíràn, ó sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò bá nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí agbára yín bá mọ sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ kọ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ má kọ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó ń kọ̀wé láti Nàìjíríà ní ẹrù kan léjìká tí àwọn ẹlòmíràn kò ní. Ẹ̀ka 419 nínú Ìwé Òfin Ọ̀ràn Dídá, tó dá lórí fífi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn, ti di orúkọ tí ayé ń pe jìbìtì orí ímeèlì, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun pàápàá sì ń ṣọ́ra bí wọ́n bá rí lẹ́tà láti ilé. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí olóòótọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé, síbẹ̀ ìbínú kò lè mú ìfura kúrò. Ẹ fi orúkọ yín ní kíkún sí lẹ́tà, ẹ fi í ránṣẹ́ láti orí dómeìnì tiyín, ìyẹn orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì, kí ẹ má sì máa yí orúkọ tí ẹ fi ń ránṣẹ́ padà. Ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí a ti lè rí yín sí ìsàlẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2003 lórí ímeèlì ìpolówó béèrè fún un. Láti inú lẹ́tà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́ kedere pé ẹ kò ní béèrè BVN, PIN tàbí nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ímeèlì láéláé, kí ẹ sì mú un ṣẹ.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń pe òǹkàwé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí kì í ṣe Yorùbá kò lè ràn wá lọ́wọ́. Atlanta ni wọ́n ti dá Mailchimp, ètò tí à ń fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́, sílẹ̀ ní ọdún 2001, bí irú rẹ̀ sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó lè mú orúkọ àkọ́kọ́ ènìyàn láti inú fọ́ọ̀mù, kí ó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ní Amẹ́ríkà, èyí a máa mú kí lẹ́tà dà bí ti ọ̀rẹ́. Ní èdè Yorùbá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì yóò ṣí ímeèlì rẹ̀, yóò sì bá a níbẹ̀ pé, “Kúnlé, ṣé o ti rí ẹ̀kọ́ tuntun wa?” Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹ̀kọ́ tó wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí yóò wu bàbá náà kà mọ́. Ẹ lo “ẹ” fún gbogbo òǹkàwé, nítorí kò sí ọmọdé tí “ẹ” yóò bí nínú, àgbà tí a fi “o” pè kò sì ní tètè gbàgbé. Bí ẹ bá fẹ́ pe olúkúlùkù lórúkọ, ẹ béèrè lórí fọ́ọ̀mù bí ó ṣe fẹ́ kí a máa pe òun. Ẹnìkan yóò kọ Ìyá Ìbejì, òmíràn yóò kọ Alàgbà tàbí Alhaja, kí ẹ lò ó bí ó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe fi àmì ohùn sórí orúkọ ẹni tí kò fi sí i, nítorí àmì tí kò tọ́ lè sọ orúkọ ẹni di orúkọ ẹlòmíràn.

Lẹ́tà tí a kò lè fèsì sí kò yàtọ̀ sí ìkéde. Àwọn kan a máa lo àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kì í ka ohun tó wọ inú rẹ̀, wọn a sì tún máa ṣe kàyéfì pé àwọn òǹkàwé kò bá àwọn sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo ní ìparí lẹ́tà àkọ́kọ́, irú bíi pé ọmọ yín tó ọmọ ọdún mélòó, ǹjẹ́ ó ń sọ Yorùbá tàbí ó kàn ń gbọ́ ọ ni. Bí ọ̀pọ̀ òbí bá fèsì pé ọmọ àwọn gbọ́ ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́, kí ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e dá lórí ìbéèrè tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn nídìí oúnjẹ, kí ẹ sì sọ pé èsì àwọn òbí ló fà á. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì bẹ́ẹ̀ ni mo kà sí ju iye àwọn tí wọ́n ní wọ́n ṣí lẹ́tà lọ, nítorí láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni ètò ìmeèlì Apple ti ń gbé àwòrán inú lẹ́tà sílẹ̀ ṣáájú kí ẹni tó ni ín tó kà á, ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán náà ka iye àwọn tó ṣí lẹ́tà yóò sì rò pé ẹni náà ti ṣí i.

Àṣìṣe kò ní ṣàì wáyé. Ká ní lẹ́tà kan kọ ọjọ́ tí kò tọ́ fún Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nínú oṣù Kẹjọ, tí ẹnìkan ní Bàhíà tàbí Manchester sì ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ gbogbo àwọn tó gba lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí àkọlé rẹ̀ sọ pé àtúnṣe ni, kí ọjọ́ tó tọ́ sì wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi àtúnṣe pamọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà oṣù tó ń bọ̀ ti fi iyì ara rẹ̀ ṣáájú owó òǹkàwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ lọ. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Gmail béèrè pé kí ẹni tó bá ń fi ímeèlì 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo Gmail lójúmọ́ fi SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi ẹni tó ránṣẹ́ hàn, jẹ́rìí pé òun ló kọ ọ́, kí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́tà ìpolówó lè fi títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yọ ara wọn kúrò, kí a sì mú un ṣẹ láàárín ọjọ́ méjì, kí iye àwọn tó pe lẹ́tà rẹ̀ ní spam, ìyẹn lẹ́tà tí wọn kò fẹ́, má sì dé mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Yahoo gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lásìkò kan náà. Bí lẹ́tà yín kò bá tilẹ̀ ju àádọ́ta lọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀nà ìjáde yóò tẹ bọ́tìnnì spam, yóò sì ba ti àwọn tó kù jẹ́, nítorí lẹ́tà wọn pẹ̀lú lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú àpótí spam. Ẹ má bi í léèrè pé kí ló ṣe yín tí ẹ fi ń lọ, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ tí yóò mú un dà bí aláìmoore. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ yọ àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò nínú gbogbo àkójọ yín, títí kan èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún un.