Díìsìkì Wà Lọ́wọ́ Yín, Ṣùgbọ́n Ibo Ni Géèmù Náà Wà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí géèmù tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí olè kò jí, tí ẹ̀rọ tí a fi ń gbá a kò sì bàjẹ́, síbẹ̀ tí kò ṣeé gbá mọ́. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí PlayStation tàbí Xbox jẹ́. Ẹ ti mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú géèmù kan ṣoṣo, kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. The Crew ni orúkọ rẹ̀, Ubisoft, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, ni ó sì gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Géèmù ìwakọ̀ ni. Wọ́n sọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà di kékeré sínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbéra ní New York kí ó sì wakọ̀ dé Los Angeles, ìtàn kan sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè dá gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Ubisoft kó o kúrò lórí àtẹ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa àwọn sáfà rẹ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà tí géèmù gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́, wọn kò sì fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí ẹni tí ó rà á lè gbà gbá a, ì báà jẹ́ òun nìkan. Ní oṣù Kẹrin, àwọn tí ó rà á lórí ayélujára bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé wọ́n ti gba àṣẹ láti gbá géèmù náà kúrò lọ́wọ́ àwọn.

Ibí gan-an ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ dé ìhín, ẹnìkan á ní, “Díìsìkì ni èmi ń rà ní tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí.” Ó kàn yín o! Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ẸNI TÍ Ó NI DÍÌSÌKÌ LÈ MÁ NI GÉÈMÙ. Wọ́n ta The Crew lórí díìsìkì fún PlayStation 4 àti Xbox One. Bí ẹ bá fi ọ̀kan nínú àwọn díìsìkì náà sínú ẹ̀rọ lónìí, bí kò tilẹ̀ ní ìlà kankan lára, géèmù náà yóò kọ́kọ́ wá sáfà Ubisoft kí ó tó ṣe ohunkóhun, nígbà tí kò bá sì rí i, yóò dúró síbẹ̀.

Mo fẹ́ràn ayò ọlọ́pọ́n púpọ̀, òun ni mo sì máa ń fi ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ẹ ra ọpọ́n ayò lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ihò 12 pé, tí ọnà ara rẹ̀ sì wu ojú, ṣùgbọ́n tí ọmọ ayò 48 wà nílé gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ta ayò, ẹ ó ránṣẹ́ sí i, yóò sì kó wọn wá kíákíá, débi pé ẹ ó gbàgbé pé wọn kì í gbé lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ tí ó bá kógbá sílé, igi gbígbẹ́ ni ó kù fún yín. Díìsìkì ni ọpọ́n yẹn. Orí sáfà ni ọmọ ayò wà.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù PlayStation 2 ni gbogbo ohun tí ó nílò wà lórí díìsìkì rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún díìsìkì tòkunbọ̀ èyíkéyìí, ẹ ní kí ọlọ́jà fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ GÉ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ KÚRÒ KÍ Ẹ TÓ DÁN AN WÒ! Mo tún un sọ: ẹ gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹ wọlé, ẹ gbá a díẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó tọ́jú ibi tí ẹ dé.

Ti àwọn tí ń rà lórí ayélujára tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nintendo ti ilé ìtajà orí ayélujára ti 3DS àti Wii U, àwọn ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ méjì, pa fún ríra nǹkan ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ní ọdún yẹn kan náà, Video Game History Foundation, àjọ tí ń tọ́jú ìtàn géèmù, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé, nínú àwọn géèmù àtijọ́ tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí àtẹ mọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwíjàre: sáfà ń jẹ owó, àṣẹ láti lo orúkọ ọkọ̀ àti orin sì máa ń parí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí wọ́n máa tan sáfà títí ayé? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Velan Studios fẹ́ pa géèmù rẹ̀, Knockout City, ní ọdún 2023, wọ́n fún àwọn tí ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà ní ohun tí wọn yóò fi dá sáfà tiwọn sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe Gran Turismo Sport tún tiwọn ṣe kí sáfà tó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, kí ènìyàn lè máa dá gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ubisoft fúnra rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún The Crew 2 ní ọdún 2025! Ní ọdún yẹn náà ni àwọn olólùfẹ́ The Crew àkọ́kọ́ fúnra wọn wá ọ̀nà tí ó fi tún ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣeé ṣe!

Ikú The Crew ni ó mú kí Ross Scott, ẹni tí ń ṣe fídíò nípa géèmù lórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó ti inú ìpolongo náà jáde, èyí tí wọ́n kọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, gba ìbuwọ́lùwé tí ó lé ní mílíọ̀nù kan kí ó tó parí ní oṣù Keje ọdún 2025. Ní California, òfin kan ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí kò jẹ́ kí ọlọ́jà pe títa géèmù lórí ayélujára ní rírà láìsọ ọ́ kedere pé àṣẹ lásán ni oníbàárà ń gbà. Ṣùgbọ́n sísọ ni òfin náà mọ. Bí sáfà bá kú lọ́la, kò ní kí ẹnikẹ́ni fi géèmù náà sílẹ̀ ní gbígbá. Ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ Yúróòpù ń béèrè gan-an nìyẹn: kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń lọ fi géèmù tí ó tà sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á ní ipò tí ó ṣì ṣeé gbá.