Síkáánì Kọ́ Ni Ìtọ́jú Ìwé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo kí yín kú ìjókòó. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ti Kubwa àti Nyanya wá sí ọ́fíìsì láàárín ìlú Abuja. Fáìlì ni oúnjẹ wa, nítorí náà n kò ní ṣàlàyé KIV, “keep in view” tí a ń kọ sára fáìlì tí a ṣì máa padà sí, fún ẹnikẹ́ni níbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ìwé tí ẹ kò bá sọ lórúkọ, ẹ ti sọ ọ́ nù, ì báà wà nínú kọ̀ǹpútà tó gbówó lórí jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ra ẹ̀rọ síkáánà, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n síkáànì fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n dáná sun ìwé, wọ́n ní ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì wá béèrè lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. A ṣí fódà: Scan0001, Scan0002, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí ó fi kọjá 9000. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìlà lé orúnkún. À ń ṣí i níkọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun Àsárì. A kò rí i.

Akọ̀wé rẹ́jísìtìrì, ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ọ́fíìsì, tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún wa ń pè ní ará àtijọ́, kò ní jẹ́ kí bàbá yẹn jókòó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ nọ́ńbà fáìlì sí, àti ẹni tó gbé e lọ, àti ọjọ́ tó gbé e. Gbogbo ojú ewé tó bá wọ fáìlì ló ń fi bírò kọ nọ́ńbà sí nígun òkè. Bí ẹnìkan bá yọ ojú ewé 14, 13 àti 15 á tú àṣírí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Kenneth Dike, òpìtàn, rìn káàkiri ọ́fíìsì ìjọba láti mọ ìwé tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Nigerian Record Office ti 1954 ti wá, tí a ń pè ní National Archives lónìí. Ìwé Ilorin ayé àwọn òyìnbó ṣì wà ní ẹ̀ka Kaduna. ILORPROF ló ń jẹ́. Ẹ fún wọn ní orúkọ yẹn àti nọ́ńbà, wọ́n á gbé e wá fún yín.

Alága ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kíá: CAMA 2020, òfin tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́, ní kí ilé-iṣẹ́ pa ìwé ìṣirò owó mọ́ fún ọdún 6. Òfin FOI ti 2011, tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé ìjọba, fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó béèrè ìwé lóhùn. Òfin ààbò dátà ti 2023, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ìgbà náà ni arábìnrin kan nàwọ́ lẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi kì í kọ nǹkan sí fáìlì mọ́. Orí WhatsApp ló ti ń fọwọ́ sí i. Ṣé ìwé nìyẹn?”

Ìwé ni. Mo pa ìyókù tì, torí ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 la ọ̀nà fún ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde láti dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì béèrè ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó o fọwọ́ sí. Fóònù ọ̀gá ńkọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀gá lọ sí mínísírì mìíràn, fóònù á bá a lọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wọlé gan-an ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó ti wá àti aago tó wọlé, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ wá fún un ní nọ́ńbà ojú ewé nínú fáìlì.

Ó ní, “Èyí tó fọwọ́ sí gbẹ̀yìn, owó ńlá ni. Ó sì ti ṣètò kí ọ̀rọ̀ máa pa rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7.”

Mo bi í pé ọ̀rọ̀ náà ti lo ọjọ́ mélòó. Ó ní ọjọ́ 5. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo ní kó ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù níbi tó wà yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ọ́fíìsì rẹ̀ kí a tó tẹ̀ síwájú. Ó fa fóònù yọ nínú báàgì, gbogbo wa sì dúró dè é.