Bọ́tìnì Méjì: Bí Sony Ṣe Gba Ohun Tó Ti Tà Padà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bọ́tìnì méjì tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yìí. Ọ̀kan ní kí ẹ ṣe update, ìkejì ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá sáré wò ó á ní, "Ṣebí wọ́n ní kí n mú èyí tó wù mí ni." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Sony ṣe sọ ọ́ lọ́dún 2010 fún àwọn tó ti ra ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3. Ẹjọ́ tó tìdí ẹ̀ yọ ní Amẹ́ríkà sì gba ọdún mẹ́jọ kó tó tán nílẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 2006 ni PlayStation 3, PS3 tí gbogbo wa mọ̀, dé ọjà ní Japan àti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọjà ọ̀pọ̀ rárá. Èyí tó ní 20GB jẹ́ dọ́là 499, èyí tó ní 60GB jẹ́ dọ́là 599. Owó yẹn ga débi pé Sony ní láti máa ka ohun tí èèyàn máa rí nínú ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ẹ ó fi gbá géèmù, ẹ ó fi wo dísìkì Blu-ray, ẹ ó fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá sì wù yín, ẹ ó sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe àsọdùn. Nínú ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ náà tò, wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé "Install Other OS". Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè pín ààyè ìkópamọ́ ẹ̀rọ náà sí méjì, kó fi Linux sí apá kan. Ọ̀fẹ́ ni Linux, iṣẹ́ tí Windows ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ẹ ó ki kííbọọ̀dù àti máòsì bọ̀ ọ́, ẹ ó sì máa kọ lẹ́tà, ẹ ó máa kọ sọ́fítíwíà lórí ẹ̀rọ tí ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ àná.

Ìdí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi fẹ́ràn ẹ̀ tún ju ìyẹn lọ. Ọpọlọ PS3, èyí tí wọ́n ń pè ní Cell, Sony, Toshiba àti IBM ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ìṣirò ló sì mọ̀ jù. Láti ọdún 2007 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Gaurav Khanna ti Yunifásítì Massachusetts tó wà ní Dartmouth ti so PS3 mélòó kan pọ̀, tó ń fi wọ́n ṣe ìṣirò nípa ihò dúdú ojú ọ̀run, àwọn ohun tí agbára òòfà wọn pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà, tó wà nílùú kan tí wọ́n ń pè ní Rome ní ìpínlẹ̀ New York, ra èyí tó lé ní 1,700. Wọ́n tò ó jọ, wọ́n sọ ọ́ ní Condor Cluster. Ẹ fojú inú wò ó: yàrá kan tó kún fún PS3, kò sì sẹ́ni tó ń gbá géèmù níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé Sony ṣílẹ̀kùn gbogbo ilé fún Linux. Yàrá àlejò ni wọ́n fún un. Wọ́n fi sọ́fítíwíà kan ṣe ọlọ́dẹ sẹ́nu ọ̀nà, hypervisor ni wọ́n ń pè é, ọlọ́dẹ yìí kì í sì í jẹ́ kí Linux fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán géèmù. Oṣù kìíní ọdún 2010 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, George Hotz, ẹni tó ti já àgádágodo orí fóònù iPhone ṣáájú, kéde pé òun ti gba ẹ̀yìn ọlọ́dẹ náà kọjá. Yàrá àlejò yẹn, Other OS, ló gbà wọlé. Ó sì ní láti tú ẹ̀rọ, kó so wáyà mọ́ inú ẹ̀, kó máa dá irin náà láàmú títí ẹ̀rọ náà fi ṣìṣe. Kì í ṣe ohun tí ọmọ iléèwé á ṣe láàárín ìsinmi ráńpẹ́.

Kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 2009, Sony gbé PS3 tínínrín jáde, kò sì fi Other OS sí i. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ẹni tó ń ṣe ọjà tuntun ló mọ ohun tó fẹ́ fi sínú ẹ̀, ẹni tí kò bá sì wù kó má rà á. Nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ Sony tó ń bójú tó Linux lórí PS3 kọ̀wé sí àwọn tó ń lò ó pé kí ọkàn wọn balẹ̀, update kankan ò ní pa Other OS lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà. Kò tó oṣù mẹ́jọ sígbà náà tí ọ̀rọ̀ fi yí padà.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2010 ni ìkéde jáde. Firmware, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ látinú wá, ẹ̀dà 3.21, yóò dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ń fi irọ́ ṣeré. Irọ́ kọ́. Wọ́n ní nítorí ọ̀rọ̀ ààbò, update náà yóò yọ Other OS kúrò. Kí ẹni tó bá ní nǹkan nínú Linux ẹ̀ yáa kó o síbòmíràn kó tó ṣe é, torí kò ní rí i mọ́ lẹ́yìn náà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ńkọ́? Kò pọn dandan, kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n kò ní lè wọ PlayStation Network, ojúkò Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́, kò ní lè bá ẹnikẹ́ni gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, géèmù tuntun tó bá béèrè 3.21 kò ní ṣí fún un, Blu-ray tuntun tó bá béèrè ẹ̀ náà kò ní ṣí. Kódà àwọn fídíò kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé ẹ̀, tó ti ń wò látorí PS3, kò ní rí wọn wò mọ́.

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ká ní ẹ ra ilé oníyàrá méjì, ẹ sanwó ẹ̀ pé. Lọ́dún kẹta, ẹni tó tà á fún yín kanlẹ̀kùn, ó mú àgádágodo dání. Ó ní, "Ẹ má bínú o, mo fẹ́ ti yàrá kan. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yan èyí tí n ó tì." Yàrá wo nínú méjèèjì ló fún yín lọ́fẹ̀ẹ́? Torí ó ní kí ẹ yan, ṣé a wá lè sọ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tì í? Ohun tí bọ́tìnì méjì yẹn ń ṣe nìyẹn. Owó kan náà ló ra Linux, òun náà ló ra géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn.

Báwo ni Sony ṣe lè dé inú pálọ̀ èèyàn ṣe irú èyí? Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. PS3 kì í gba sọ́fítíwíà tí kò bá ní òǹtẹ̀ Sony lára, òǹtẹ̀ onísírò tí ẹlòmíràn ò ní. Tí ẹ bá sì ti gun ẹ̀dà tuntun, kì í jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò fura sí ni pé inú dísìkì géèmù gan-an ni wọ́n ń fi update sí. Ẹni tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tó kàn lọ ra géèmù lọ́jà, update á bá a délé nínú páálí.

Àwọn ọmọ ogun òfúrufú ò kúkú ṣe update, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí PlayStation Network. Ibi tó ti ta bá wọn ni àtúnṣe. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí wọ́n sì dá a padà fún Sony, èyí tí wọ́n máa rí gbà kò ní ní Other OS mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sí kóòtù. Oṣù tí update jáde náà ni oníbàárà kan ní California pe Sony lẹ́jọ́ lórúkọ ara ẹ̀ àti lórúkọ gbogbo ẹni tó ra PS3 alára títóbi, ìyẹn àwọn tó ti jáde ṣáájú tínínrín. Sony na ọwọ́ sí ìwé àdéhùn: ó wà níbẹ̀ pé update lè mú kí àwọn iṣẹ́ kan kúrò lára ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ìwé yẹn, ìgbà tí èèyàn bá ti sanwó tán, tó ti gbé e délé, tó ti tan iná sí i, ló tó ń rí i. Adájọ́ Richard Seeborg da ẹjọ́ náà nù lóṣù kejìlá ọdún 2011. Ó ní ìbínú àwọn oníbàárà yé òun, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n gbé e kà ò gbè wọ́n. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn jí apá kan ẹjọ́ náà dìde lọ́dún 2014.

Lọ́dún 2016, wọ́n fẹ́ parí ẹ̀: dọ́là 55 fún ẹni tó bá lè fi hàn pé òun lo Linux, dọ́là mẹ́sàn-án fún ẹni tó kàn mọ̀ nípa ẹ̀ nígbà tó ń rà á. Adájọ́ mìíràn, Yvonne Gonzalez Rogers, ò fọwọ́ sí i. Ọdún 2018 ni wọ́n tó fi mílíọ̀nù dọ́là 3.75 parí ẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má sì gbà ju dọ́là 65 lọ. Sony ò gbà pé òun jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ bá mi ṣírò: ẹ̀rọ tọ́rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Tí gbogbo oníǹkan bá jáde wá béèrè, ogójì sẹ́ǹtì ò ní kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ò sì tíì yọ owó lọ́yà.

Ní Britain, ẹnì kan ò dé kóòtù rárá. Ọwọ́ Amazon, ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ti ra PS3 tiẹ̀. Ó kọ̀wé sí wọn pé òfin Yúróòpù ọdún 1999 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n fi polówó ẹ̀ mu, èyí ò sì bá a mu mọ́. Amazon dá pọ́n-ùn 84 padà fún un, bí ìdá kan nínú márùn-ún owó tó san, wọn ò sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹ wo ẹni tó san án: ẹni tó jókòó ti ọjà. Sony ló ṣe é, oníṣọ́ọ̀bù ló tanràn. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó tajà fún èèyàn ni èèyàn ń dì mú.

Ṣé ààbò tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é wá dé? Oṣù kejìlá ọdún 2010, ní ìpàdé àwọn aṣàyẹ̀wò kọ̀ǹpútà ní Berlin, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ fail0verflow bọ́ sórí pèpéle. Wọ́n ní ọdún bíi mélòó kan tí PS3 fi wà láìsẹ́ni tó já a, ìdí ni pé àwọn tó lè já a ti ní Linux, ohun tí wọ́n ń wá náà nìyẹn. Ìgbà tí Sony gbà á ni wọ́n tó kọjú sí òǹtẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yani lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí Sony bá fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ yẹn, ó yẹ kó fa nọ́ńbà kan yọ tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀, kí nọ́ńbà náà sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Sony ń lò lọ láìyí i padà. Pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì péré, èèyàn lè ṣírò kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí Sony fi ń tẹ òǹtẹ̀ náà. Hotz gbé kọ́kọ́rọ́ síta lóṣù tó tẹ̀ lé e, Sony pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì kéde lóṣù kẹrin pé àwọn ti parí ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí.

Oṣù kẹrin ọdún 2011 yẹn náà ni àwọn olè wọ PlayStation Network, tí ọ̀rọ̀ ara ẹni inú àkáǹtì mílíọ̀nù 77 bọ́ síta. Mi ò sọ pé Hotz ni o. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Lóṣù kẹsàn-án, Sony gbé àdéhùn tuntun jáde: ẹni tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn ní Amẹ́ríkà kò ní lè bá ẹlòmíràn pawọ́ pọ̀ pè é mọ́, òun nìkan ni kó lọ bá onílàjà. Bí ẹ ò bá tẹ "Mo gbà", ẹ ò ní wọlé. Nígbà yẹn, ẹ lè ní ẹ ò fara mọ́ apá yẹn nínú àdéhùn náà o, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì fún ìyẹn. Ẹ ó wá bébà, ẹ ó kọ lẹ́tà, ẹ ó fi í ránṣẹ́ sí Los Angeles láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ilé-iṣẹ́ tó lè yọ Linux kúrò ní pálọ̀ yín láti Japan, ìwé lẹ́tà ló sọ pé òun lè gbà!

Ọ̀nà yẹn ò tíì parẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025, ṣáájú kí ẹ̀rọ géèmù Switch 2 tó jáde, Nintendo tó ṣe é kọ ọ́ sínú àdéhùn tiwọn ní Amẹ́ríkà pé bí èèyàn bá rú òfin àwọn, àwọn lè sọ ẹ̀rọ náà di ohun tí kò ní wúlò mọ́ títí láé. Ní Britain, òfin oníbàárà ti ọdún 2015 sọ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ àtiyí sọ́fítíwíà tí wọ́n tà fún yín padà, ó gbọ́dọ̀ ṣì bá ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ mu lẹ́yìn ìyípadà náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ sì ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní PS3 alára títóbi nílé ńkọ́, bóyá tòkúnbọ̀ tí ẹnì kan ti jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹ tàn án, ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ki dísìkì kankan bọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System Settings, ẹ wo System Information. Tí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ 3.15 tàbí tó kéré sí i, Other OS ṣì wà lára ẹ̀.