Orin Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀: Àwo Orin tí Springsteen Fi Yẹ́ Pete Seeger Sí

Mo júbà ẹ̀yin àgbà Kétu, mo júbà ẹ̀yin ìyá wa, kí n tó ya ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin àti onílù tí ẹ pè mí sọ pé ẹ fẹ́ gbé àwo orin kan jáde láti fi yẹ́ àgbà olórin Ẹ̀fẹ̀ kan tó ti papò dà sí, ẹ sì ní kí n wá sọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo rò pé ó lè la ọ̀nà fún yín jù lọ wá láti Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, Bruce Springsteen, tí ayé mọ̀ mọ gìtá oníná àti orin rọ́ọ̀kì, gbé àwo kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní We Shall Overcome: The Seeger Sessions, láti fi bu ọlá fún Pete Seeger, olórin ìbílẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 87 nígbà náà. Orin 13 ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó jẹ́ pé Seeger ni ó dá a sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé Seeger kò ní orin tirẹ̀ o. Ó ní, àwọn kan nínú wọn sì kárí ayé. Ní ọdún 1997 ni wọ́n bẹ Springsteen pé kí ó kọ orin kan sí inú àkójọ tí ọ̀pọ̀ olórin fẹ́ fi yẹ́ bàbá náà sí. Ó jókòó ti àwọn àwo Seeger, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ọrọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá kọ lọ: orin àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, orin àwọn tó ń la ojú irin, orin ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú, orin ọmọdé. Ó kó àwọn olórin jọ sí ilé rẹ̀ ní New Jersey, wọ́n kọ díẹ̀, wọ́n sì gbé e tì. Ní ọdún 2005 wọ́n tún péjọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006. Wọn kò fi orin dánra wò ṣáájú. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ ohùn Springsteen tó ń pe orúkọ ohun èlò tó kàn kí ó wọlé. Bánjò wà níbẹ̀, gòjé wà níbẹ̀, akọ́díọ̀nù àti àwọn fèrè onídẹ náà wà níbẹ̀. Gìtá oníná tí a fi mọ̀ ọ́n ni ó fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tí kò bá mọ irú ayé tí Seeger gbé kò lè mọ ìdí tí yíyàn yìí fi tọ́. Ní ọdún 1955, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kan tó ń wá àwọn Kọ́múníìsì kiri pè é síwájú ìgbìmọ̀ wọn, ó sì kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè nípa ẹgbẹ́ tó wà àti ẹni tó kọrin fún. Wọ́n dá a lẹ́bi ní ọdún 1961, wọ́n ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà ní ọdún 1962. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti àgọ́ àwọn ọmọdé ni ó wá ń lọ, bánjò ní èjìká, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin tí àwọn òbí wọn ti gbàgbé. Àwọn tó fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ ni wọ́n kúkú rán an sí ibi tí orin ti ń pẹ́ jù lọ lórí ahọ́n.

Ẹ wo orin tí wọ́n fi pe orúkọ àwo náà. Inú orin ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tábà daṣẹ́ sílẹ̀ ní Charleston láàárín ọdún 1945 sí 1946, àwọn obìnrin dúdú ń kọ ọ́ níbẹ̀. Zilphia Horton, olùkọ́ orin kan, gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi kọ́ Seeger, Guy Carawan, olórin ìbílẹ̀ kan, sì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ní ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóhun, owó tó ń wọlé ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù. Kì í ṣe gbogbo orin ni ó rí bẹ́ẹ̀. Solomon Linda, ọmọ Zulu, ti gba orin Mbube sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1939. Ẹgbẹ́ Seeger, the Weavers, kọ ọ́ di olókìkí ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn tún un kọ, owó ńlá sì wọlé fún àwọn tí kò mọ ilé Linda. Seeger fi dọ́là 1,000 ránṣẹ́ sí i, ó sì ní kí wọ́n máa san tirẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìṣẹ́ ni Linda kú sí ní ọdún 1962. Ọdún 2006 yìí kan náà ni ẹjọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó parí sí àdéhùn.

Mo ní ohun kan láti fi bá àwo Springsteen wí. Ariwo fèrè rẹ̀ pọ̀. Seeger a máa dákẹ́ ní àárín orin kí àwùjọ lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwo yìí, ẹgbẹ́ akọrin ni ó gbà á, olùgbọ́ sì di òǹwòran. Ṣùgbọ́n ní New Orleans, ní òpin oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tí ìlú kò tí ì bọ́ nínú ìjàm̀bá ìjì Katrina, Springsteen mú orin ọdún 1929 kan tó ń sọ̀rọ̀ ìyà tálákà, ó sì kọ ẹsẹ tuntun sí i nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ó mọ ẹni tó ń yẹ́ sí.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu kò ní láti lọ jìnnà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní ọdún 2001 ni iṣẹ́ yín, kò sì sí olórin Ẹ̀fẹ̀ tó máa bọ́ sí ojú agbo lóru tí kò ní kọ́kọ́ júbà àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó tó fẹnu kan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ orin bàbá náà nìkan. Ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ọwọ́ ẹni tó ti gba èyí àti ọwọ́ ẹni tó ti gba tọ̀hún, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí ara àwo. Ẹ bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá kan béèrè ohun tí a ó ṣe sí àwọn orin tí olóògbé náà fi bú àwọn tó ṣì wà láàyè. Ìdáhùn tí mo fún wọn ni pé orin èébú tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ kò níṣẹ́ kan mọ́ nínú ẹ̀rọ. Kí wọ́n mú ohùn orin náà, kí wọ́n yọ orúkọ kúrò. Bí ẹgbẹ́ bá sì gbà, kí wọ́n fi ẹsẹ tuntun bú ohun tó tọ́ sí èébú ní Kétu lọ́dún yìí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ní mẹ́ta lọ́wọ́.