Àyè fún Tọ́bò Nínú Mazda MX-5: Ibi Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ti Ń Ṣì Í Wọ̀n

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì, tó wà níwájú wa yìí wà lára àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ lítà 1.6. Ẹni tó ni ín ti ra tọ́bò Garrett GT2560R, ó ti dè é mọ́ mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé ikùn tọ́bò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá sitiárìn nísàlẹ̀, páìpù tó ń gbé atẹ́gùn jáde nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lókè. N kò ní fa àlàyé iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe gùn: èéfín ẹ́ńjìnì ló ń yí i, òun náà á sì máa ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí àyè fún un rárá, torí Mazda fúnra rẹ̀ ta MX-5 tó ní tọ́bò láti ilé iṣẹ́ ní ọdún 2004 àti 2005, agbára ẹṣin 178 ni wọ́n sì ní ó ní.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé apá òsì ẹ́ńjìnì ni èéfín ti ń jáde, apá òsì kan náà sì ni ọ̀pá sitiárìn àti sílíńdà bíréèkì wà nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó sápá òsì. Ní Japan àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún ni sitiárìn wà, ọ̀pá náà kò sì sí lọ́nà tọ́bò rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán ọkọ̀ ará Japan tí tọ́bò jókòó sínú rẹ̀ wẹ́kú, ẹ má ṣe sáré ra irú mánífóòdù bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹ fara balẹ̀ síbi tí mo ń bọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣì í ṣe. Ẹ ó ti ìka bọ àárín tọ́bò àti ọ̀pá sitiárìn, ìka á kọjá, ẹ ó sì ní àyè wà. Àyè wà fún ẹ́ńjìnì tó ń sùn! Ẹ́ŃJÌNÌ KÌ Í DÚRÓ SÓJÚ KAN. Mo tún un sọ: ẹ́ńjìnì kì í dúró sójú kan. Róbà ni wọ́n fi ṣe síìtì tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, róbà sì máa ń gbà fún ẹni tó bá tì í. Bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀, kíráńkì, ìyẹn irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ara ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ á sì máa fẹ́ yí sí òdìkejì. Nígbà tí ẹ bá wá tẹná gidigidi ní jíà kìíní, apá òsì ẹ́ńjìnì, níbi tí tọ́bò so rọ̀ sí, á gbéra lọ sókè, sọ́dọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, á padà wálẹ̀, á sì kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, sọ́dọ̀ ọ̀pá sitiárìn. Ọ̀nà méjì ni tọ́bò ń rìn, ọ̀nà méjèèjì sì ni ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Àkàwé kan wà tí n kì í lè pa mọ́ra bí mo bá dé ibí yìí. Télọ̀ kan wọn ṣòkòtò fún ọkọ ìyàwó nígbà tí ọkùnrin náà dúró ṣánṣán, ṣòkòtò náà sì bá a mu rẹ́gí. Ó di ọjọ́ ìdána, alága ìjókòó ní kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àwọn àna, ni ìdí ṣòkòtò bá fàya. Télọ̀ kò ṣi ìdúró wọ̀n o. Ìdọ̀bálẹ̀ ni kò wọ̀n.

Ẹ tún fi ooru kún un. Mánífóòdù onírin tí kì í dógùn-ún, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, máa ń gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ nígbà tí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Celsius 700 lé sí i, tọ́bò tó so mọ́ ẹnu rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Èmi kì í gbà kí àyè dín ní mìlímítà 15 nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù tó sì sinmi.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Mo máa ń mọ plasticine tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lé orí páìpù atẹ́gùn, màá fi ọ̀rá bò ó kó má baà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, màá ti pákó sábẹ́ apá òsì ẹ́ńjìnì, màá sì fi jáàkì gbé e díẹ̀díẹ̀ títí róbà síìtì yóò fi kọ̀ pé òun kò lọ mọ́. Ẹ wá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́jẹ́, kí ẹ sì tún un ṣí. Ẹ ó rí ojú egungun bọ́nẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ sínú amọ̀ náà ketekete. Ẹ fi ọ̀bẹ là á níbi tó ti tín-ín-rín jù, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ jáàkì kalẹ̀, ẹ fi irin gígùn tẹ apá òsì náà wálẹ̀, kí ẹ sì ṣe bákan náà lórí ọ̀pá sitiárìn.

Bí àyè kò bá tó, ẹ kọ́kọ́ yí ilé atẹ́gùn tọ́bò padà, ìyẹn apá tó ń ti atẹ́gùn lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ tú bóòtù tó di ilé atẹ́gùn mú, ẹ má yọ wọ́n tán, kí ẹ sì yí ilé náà títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ rọra o, nítorí àyè tó wà láàárín abẹ́ inú rẹ̀ àti ògiri ilé náà kò pé mìlímítà kan. Bí ẹ bá fà á ní wíwọ́, abẹ́ á tẹ̀, abẹ́ tó ti tẹ̀ kò sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan kó má fọ́. Ẹ wo ọ̀pá tó ń ṣí fèrèsé èéfín, ìyẹn ibi tí èéfín tó bá pọ̀ jù ń gbà yà kúrò lọ́nà tọ́bò, pẹ̀lú: lára ilé atẹ́gùn ni wọ́n de ìdí rẹ̀ mọ́, bí ẹ bá sì ti yí ilé náà, ọ̀pá yìí á wọ́, ẹ ó ní láti wá ìdè mìíràn fún un.

Àárín tọ́bò ńkọ́? IHÒ TÍ Ọ́ÌLÌ Ń GBÀ JÁDE GBỌ́DỌ̀ KỌJÚ SÍLẸ̀. Kò sí ohun tó ń fa ọ́ìlì náà padà sínú ẹ́ńjìnì ju ìwúwo rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí Garrett, ilé iṣẹ́ tó ṣe tọ́bò náà, fi ní kí ihò náà má yà ju ìwọ̀n 35 lọ kúrò ní òòró. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀ nítorí àtirí àyè yóò rí èéfín búlúù lẹ́nu sáléńsà.

Ohun tó kàn ni síìtì ẹ́ńjìnì. Èyí tó le ju ti ilé iṣẹ́ lọ yóò dín ìrìn tọ́bò kù, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n díẹ̀ bí ẹ bá dúró níbi iná ojú pópó. Lójú tèmi, owó tó dára láti san ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé gíráńdà yẹn sílẹ̀! Ẹ kò gbọdọ̀ ha ara ilé atẹ́gùn, ẹ kò gbọdọ̀ gé egungun ṣáásí tó ń dáàbò bo yín nígbà ìkọlù, ẹ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá sitiárìn. Etí irin pẹlẹbẹ tí kò gbé ohunkóhun ró nìkan ni ẹ lè tẹ̀.

Àyè tó tó fún ìrìn lè má tó fún ooru. Omi bíréèkì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n Celsius 230, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi mu lè hó ní 155, irin tọ́bò sì máa ń pọ́n bí ẹyín iná. Ẹ fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí atẹ́gùn lè kọjá níwájú àti lẹ́yìn páànù náà, kí ẹ sì gbé páìpù bíréèkì jìnnà.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun gbogbo ibi tó súnmọ́ tọ́bò. Ẹ wà á ní jíà kìíní àti ìkejì níbi tí èrò kò sí, ẹ tẹná, ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ tún un ṣe. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi iná wò ó. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti pa rẹ́ ni tọ́bò ti kàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì funfun, ẹ mú sípánà, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì mánífóòdù dì, nítorí ooru àkọ́kọ́ máa ń tú wọn.