Nọ́ọ̀sì: Iṣẹ́ Ìmọ̀ Tí Aráyé Ń Pè Ní Iṣẹ́ Àánú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá àti ẹbí wọn sọ ní Kubwa, Àbújá, nìyí. Mo ti yọ ìkíni tó gùn kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí àsìkò kò ti gbà mí láyè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó.

Ìyìn tí wọ́n máa ń fún àwa nọ́ọ̀sì kì í yàtọ̀: “Ẹ ṣé o, ẹ lójú àánú.” Ìyìn náà dùn, èmi náà a sì máa gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ó léwu díẹ̀. Tó bá jẹ́ àánú nìkan ni iṣẹ́ yìí, kí ni èèyàn ń kàwé sí kó tó ṣe é? Kí ló dé tí ìjọba yóò fi san owó gidi fún un? Ohun tí mo fẹ́ kí ìtàn fi yé wa lónìí ni pé gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá ti sún síwájú, ẹnìkan ló ta kú pé ohun tí à ń kọ́ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n bí mọ́ obìnrin.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ Àríwá la wà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Rufaida al-Aslamiyya, ará Mẹ̀dínà nígbà ayé Ànábì. Ìtàn sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ oníṣègùn ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà ogun Khandaq, ìyẹn ogun kòtò, ní ọdún 627, inú àgọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé Sa'd ibn Mu'adh, ọ̀kan lára àwọn sàhábà Ànábì, lọ nígbà tí ọfà bà á. Wọ́n ní ó tún kọ́ àwọn obìnrin mìíràn níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano àti Sokoto, tí bàbá kan bá ní ọmọbìnrin òun kò ní í ṣe nọ́ọ̀sì nítorí ẹ̀sìn, ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju àríyànjiyàn lọ.

Ti Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa la mọ fìtílà rẹ̀, n kò sì ní í pẹ́ níbẹ̀. Fìtílà yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Obìnrin tó ń gbé iná kiri lóru ló kù lọ́kàn aráyé, wọ́n gbàgbé obìnrin tó ń ṣírò. Oṣù kọkànlá ọdún 1854 ló dé Scutari ní Tọ́kì pẹ̀lú nọ́ọ̀sì 38, láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jagun ní Crimea. Wọ́n ṣe é tọkàntọkàn, síbẹ̀ ikú kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kejì ọdún 1855, nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bíi 42 ló ń kú. Ní oṣù kẹta, àwọn tí ìjọba rán wá tú gọ́tà ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ọsibítù náà, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, àwọn tó ń kú kò ju bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àánú wà níbẹ̀ ní oṣù kejì, àánú yẹn náà ló wà níbẹ̀ ní oṣù kẹfà. Gọ́tà ló yí padà.

Lẹ́yìn ogun ni Nightingale jókòó ti ìwé, tó rí i lójú ìṣirò pé àìsàn ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun tó kú, kì í ṣe ọta ibọn. Ó ya ìṣirò náà sínú àwòrán kí àwọn aláṣẹ tí kì í ka ìwé gígùn lè rí i. Ní 1858, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò tí a mọ̀ sí Royal Statistical Society lónìí gbà á wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní 1860, ló tó dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní London. Torí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń kùn tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ìwọ̀n ooru ara aláìsàn sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, iṣẹ́ Nightingale gan-an lẹ̀ ń ṣe yẹn, ju gbígbé iná kiri lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ yìí kan náà ni kò fara mọ́ ọn pé kí òfin máa forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìdánwò kò lè wọn ìwà. Ethel Bedford Fenwick, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ta kò ó. Ó ní bí kò bá sí ìwé orúkọ, báwo ni aráàlú yóò ṣe mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn wọ aṣọ funfun? Láti 1887 ni wọ́n ti ń fà á. New Zealand ti ṣòfin tiwọn ní 1901, kó tó kan England ní 1919, nígbà tí Nightingale ti kú. Tí ẹ bá bi mí, Fenwick ló jàre. Kékeré kọ́ ni gbèsè tí a jẹ Nightingale, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “ìwà ló jù” yìí náà ni wọ́n ṣì fi ń dá wa lóhùn títí dòní tí a bá béèrè owó. Òfin 1919 yẹn ní àbùkù tirẹ̀ náà o: ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn ọkùnrin sí, ó di 1949 kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin.

Mo mẹ́nu ba ọkùnrin nítorí Àríwá wa yìí. Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń gbà ní ọsibítù, tí wọ́n ń kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò, tí wọ́n sì ń di í. Títí di òní, ẹ wọ wọ́ọ̀dù ní Katsina tàbí Sokoto, ẹ óò bá ọkùnrin nọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá títí di 1967. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí àgbàlagbà Yorùbá tó jẹ́ pé Kaduna tàbí Kano ló ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń sọ Hausa ju àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kò fẹ́ kí ọkùnrin gbẹ̀bí òun, àwọn obìnrin tó kọ́ṣẹ́ kò sì tó. Ìyẹn wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ rò ní 2009 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń kó àwọn agbẹ̀bí lọ sí ilé ìwòsàn ìgbèríko, tí púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ sí Àríwá.

Ní ti òfin ilẹ̀ wa, mo máa yára: 1947 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì dé sí Nàìjíríà, àwọn agbẹ̀bí ti ní ìgbìmọ̀ tiwọn ṣáájú. Decree 89 ti ọdún 1979 ló kó wọn pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, Nursing and Midwifery Council, tí a máa ń pè ní Council, èyí tó wà níbí ní Àbújá lónìí.

Àwọn ọ̀dọ́ kò sì gbọ́dọ̀ má mọ Màmá Kofoworola Abẹni Pratt. Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní 1915. Olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin CMS ní Èkó. Ní 1946 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas', níbi tí aláìsàn kan ti kọ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òun. Wọ́n padà wálé, wọ́n sì di Mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nípò náà. Wọ́n tún wà lára àwọn tó jà kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba BNSc, oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lónìí, ojú ọ̀nà yẹn lẹ ń tọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù nìyí. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, ní ìlú Lassa, ní Borno òde òní, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Laura Wine bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, kò lè gbé nǹkan mì, ibà náà kò gbọ́ oògùn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì SIM ní Jos, kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀ tó fi kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, Charlotte Shaw, ní egbò kékeré kan ní ìka, ìka yẹn ló fi nu ẹnu aláìsàn náà. Kò ju bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí àìsàn náà fi mú un, òun náà kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tó tọ́jú Shaw, ni àìsàn náà tún kàn. Wọ́n gbé Pinneo lọ sí New York, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó fi wà láàárín ikú àti ìyè, ó sì yè é.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí làwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi rí kòkòrò àìsàn tuntun, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é. Jordi Casals tó ń ṣe ìwádìí náà kó o, omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára tó fi yè. Dókítà Jeanette Troup, tó wà ní Jos látìbẹ̀rẹ̀, fara gbọgbẹ́ níbi tó ti ń yẹ òkú aláìsàn kan wò, ó sì kú ní ọdún 1970. Ó di 1972 kí wọ́n tó rí i ní Sierra Leone pé eku ilé kan ló ń gbé àìsàn náà kiri.

Tí ẹ bá fẹ́, ẹ pe àwọn obìnrin wọ̀nyí ní aláàánú, wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ọwọ́ tí kò ní gílọ́ọ̀fù ló gbé ikú láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé orí èkejì. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìgbà tí ibà bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọ̀nà ọ̀fun dí, ìgbà tí ojú wú, òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àìsàn kan ṣoṣo ló ń rìn láàárín wọn. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti dé, Lassa a tún yọjú. Ọ̀gá tó bá rán nọ́ọ̀sì lọ bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láìsí gílọ́ọ̀fù, tó wá ní kó fi ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, n kò mọ irú Ọlọ́run tó ń sìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Àbújá kún un. Oṣù karùn-ún 1999 ni wọ́n ṣí National Hospital, fún obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ló fi han àwọn tó ń ṣiyè méjì pé nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka bí dókítà ṣe ní: ti tíátà, ti ẹ̀rọ kíndìnrín, ti ọmọ tí kò pé oṣù. Owó kò sì bá ìmọ̀ rìn. Ní oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ wa, NANNM, yan iṣẹ́ lódì láti ṣe ìkìlọ̀, owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ òru sì wà lára ohun tí wọ́n béèrè.

Nígbà ìbéèrè, arákùnrin kan béèrè èrò mi nípa ìwé tí Council gbé jáde ní oṣù kejì 2024, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì ya lọ sí ọ́fíìsì wọn níbí nígbà náà. Mo dáhùn pé n kò bá Council jà lórí pé kí ọmọ tuntun ní ìrírí. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dá ẹni tí ebi ń pa dúró. Kí wọ́n sanwó, kí nọ́ọ̀sì kan má máa dá wọ́ọ̀dù kan ṣọ́ lóru, jápa yóò dín kù fúnra rẹ̀.

Ìyá kan wá béèrè bí ọmọ òun ṣe lè wọlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND, yunifásítì ń fúnni ní BNSc lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì rí i dájú pé Council fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Wọ́n ní ọmọ náà kò fẹ́ràn Físíìsì, pé ṣé àánú tó ní kò tó ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n wá olùkọ́ Físíìsì fún un kíákíá kí WAEC tó dé.