Bí a ṣe ń ka iyán mọ́ ínsúlínì fún ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo fídíò yìí. Ọ̀rọ̀ òní kan ilé tí ọmọ tí ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní bá wà, ìyẹn àtọ̀gbẹ tí ara fúnra rẹ̀ ti ba ohun tí ó ń pèsè ínsúlínì jẹ́, tí ó sì di dandan kí a máa fi abẹ́rẹ́ fún ọmọ náà lójoojúmọ́. Ní Èkìtì níbí, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará àdúgbò sábà máa ń sọ fún ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé kí ọmọ náà má fẹnu kan iyán mọ́. Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ọmọ tí ó ń gba ínsúlínì lè jẹ iyán, bí a bá mọ iye tí ó wà nínú àwo rẹ̀ tí a sì fún un ní ínsúlínì tí ó bá a mu.

Fífi oúnjẹ du ọmọ ni ìtọ́jú tí àwọn dókítà ní nígbà tí kò tíì sí ínsúlínì, ó sì kàn ń fa ikú sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fi tọ́jú àtọ̀gbẹ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí tí a ó fi máa febi pa ọmọ nítorí àìsàn yìí.

Kí ni a wá ń kà? Oúnjẹ afúnnilókun ni, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kabohaidireeti, nítorí pé òun ni ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ínsúlínì ni ó sì ń jẹ́ kí ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan láti di agbára. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa: kò sí èyí tí kì í di ṣúgà nínú wọn. Ẹran, ẹja àti ẹyin kò ní ju ìba díẹ̀ lọ, ẹ̀fọ́ náà kò sì ní púpọ̀.

Ìṣòro iyán ni pé kò sí páálí tí a kọ ìwọ̀n sí lára, ọwọ́ ìyá kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Ẹ bó iṣu, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní tútù kí ó tó dé orí iná. Nínú 100 gíráàmù iṣu tí a ti bó, èròjà afúnnilókun máa ń tó 28 gíráàmù. Odó kì í fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ nínú rẹ̀. Omi tí iṣu fà àti èyí tí a ta sí i ni ó ń mú kí iyán wúwo ju iṣu lọ. Ká ní iṣu tí ẹ bó jẹ́ 1,000 gíráàmù, èròjà inú rẹ̀ jẹ́ 280. Bí ẹ bá gún un tán tí gbogbo iyán náà wọn 1,120 gíráàmù, 100 gíráàmù iyán yín ní 25 gíráàmù nínú. Ọmọ tí ẹ bá bu 240 gíráàmù fún ti gba 60 gíráàmù nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe èyí ní ìgbà mélòó kan, ojú yín yóò mọ ọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ju òṣùwọ̀n náà nù, nítorí ojú a máa gbàgbé.

Dókítà ni yóò sọ iye gíráàmù tí yúníìtì ínsúlínì kan lè gbé fún ọmọ yín, nítorí pé ti ọmọ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ó sì lè yí padà bí ó bá ń dàgbà. Bí ó bá sọ pé yúníìtì 1 ń gbé gíráàmù 15, èròjà afúnnilókun 60 gíráàmù tí ó wà nínú iyán ọmọ náà ń béèrè yúníìtì 4. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti wà lókè kí ọmọ tó jẹun, dókítà lè ní kí ẹ fi díẹ̀ kún un. Ínsúlínì tí a ń gbà pẹ̀lú oúnjẹ ni ìṣirò yìí wà fún. Àwọn tí ń gba ínsúlínì oríṣi méjì (èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń pẹ́ lára) tí a ti pò mọ́ra láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò lè máa yí i bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wọn ní láti wà ní ìwọ̀n kan náà ní àkókò kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ṣúgà nínú. Nínú 100 gíráàmù ẹlùbọ́ gbígbẹ, èròjà afúnnilókun ń lọ sí nǹkan bí 80, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rò ó. Ìrẹsì tí a ti sè jẹ́ nǹkan bí 28 nínú 100. Epo púpọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kì í sọ iyán di kékeré, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ṣúgà pẹ́ kí ó tó gòkè. Ewúro dára lọ́bẹ̀, kò sì lè rọ́pò abẹ́rẹ́ láéláé.

Bí ọmọ bá ń làágùn, tí ó ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé ṣúgà kò tó 70 mg/dL, ẹ fún un ní ṣúgà gíráàmù 15, bíi ṣíbí tíì mẹ́rin tí kò kún àkúnjù, nínú omi. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí kò bá sì tíì gòkè, ẹ tún un fún un. Bí ó bá dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: iyán mélòó, yúníìtì mélòó, ṣúgà mélòó kí ó tó jẹun àti lẹ́yìn wákàtí 2. Ìwé náà ni kí ẹ mú dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ì báà jẹ́ ní Adó tàbí ní Ìdó, kí ó lè rí ibi tí ìṣirò náà ti yẹ kí ó yí padà.